Ẹrù, jíà àti ìdákọ̀ró: bí agbára ṣe ń dé ọ̀dọ̀ pẹ́ńdúlọ̀mù nínú agogo tí a fọwọ́ ṣe

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nídìí agogo onígi ni pé bó bá ti ń dúró, ẹrù la ó kọ́kọ́ fi kún. Ẹrù tó pọ̀ jù á jẹ búúṣì (òrùka tí ọ̀pá ń yí nínú rẹ̀), á tẹ ọ̀pá, agogo á sì tún dúró. Agbára tí pẹ́ńdúlọ̀mù, ọ̀pá tó ń fì sọ́tùn-ún sósì, ń fẹ́ kò tó nǹkan. Ohun tó ń fẹ́ ni pé kí ìwọ̀nba yẹn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ohunkóhun má jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà.

Ẹ fi sípíríǹgì sílẹ̀, ẹrù ni kí ẹ lò. Sípíríǹgì máa ń le nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wé e, á sì máa rọ̀ bó ṣe ń tú. Ọ̀kan náà ni fífà ẹrù láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ìṣirò jíà nìyí, fún pẹ́ńdúlọ̀mù tó ń lù lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá. Wíìlì ìkẹyìn, èyí tí ìdákọ̀ró (apá kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó ń fì pẹ̀lú pẹ́ńdúlọ̀mù) ń mú tó sì ń tú sílẹ̀, ní eyín 30, ó sì ń yí po lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan. Láti orí ọ̀pá tó gbé ọwọ́ ìṣẹ́jú títí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, eyín 64 ń yí 8, lẹ́yìn náà 60 ń yí 8. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 60. Wíìlì ńlá tí okùn wé mọ́ ní eyín 64 tó ń yí 8 lórí ọ̀pá ìṣẹ́jú, nítorí náà wákàtí 8 ló fi ń yí po. Bí kẹ̀kẹ́ okùn bá fẹ̀ ní 40 mm, tí okùn sì nípọn ní 2 mm, ẹrù á sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bíi 40 cm lójúmọ́. Ẹ gbé e kọ́ sókè ní 1.2 m, ó tó ọjọ́ 3.

Ẹ wá wo ohun tó kù lẹ́yìn gbogbo jíà yẹn. Kílò 4 ló ń fa okùn, àmọ́ ní orí eyín wíìlì ìkẹyìn (bí wíìlì náà bá fẹ̀ ní 80 mm) fífà rẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù 4 lọ. Ewé pépà A4 kan ṣoṣo wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí eruku gẹdú kan ṣoṣo láàárín eyín fi lè dá gbogbo rẹ̀ dúró.

Igi kì í ṣe ìṣòro ní agbègbè tí Ìjẹ̀bú-Igbó wà. Ìrókò tàbí ọ̀gànwó tó gbẹ dáadáa ni kí ẹ fi ṣe férémù. Pílíwúùdù 6 mm ni kí ẹ gé wíìlì lára rẹ̀, kì í ṣe pákó lásán, torí pákó máa ń wú síbùú ju bó ṣe ń wú sóòró lọ, wíìlì á sì di ẹyin. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ 2 mm ṣe é lò fún ọ̀pá, nínú búúṣì bàbà tí ihò rẹ̀ jẹ́ 2.1 mm. Jíà eléyín 8 kò yẹ ní gígé: ẹ gún sípóòkù 8 sáàárín àwo kékeré méjì, bí àgò ẹyẹ.

Kí ẹ tó fi ìdákọ̀ró sí i, ẹ so 400 g péré mọ́ okùn. Bí gbogbo wíìlì kò bá yí fúnra wọn, ẹ wá ibi tó ń ha. Ẹ má tíì kọjá ibí yìí.

Ibi ìdákọ̀ró ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Ẹ fi ọ̀pá rẹ̀ sí 56.6 mm sí àárín wíìlì ìkẹyìn, kí ó gun àlàfo eyín méje àti ààbọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan nípọn ní 3 mm, ó sì ní ojú méjì. Ojú ìdúró tẹ̀ bí igbá, àárín rẹ̀ sì ni ọ̀pá ìdákọ̀ró gan-an. Eyín a fẹ̀yìn tì í láì sún sẹ́yìn. Ojú ìtì dà gẹ̀ẹ́rẹ́ ní 1.4 mm, eyín a yọ̀ lórí rẹ̀, yíyọ̀ yẹn ló sì ń ti ìdákọ̀ró, tí àmúga ara rẹ̀ ń ti ọ̀pá pẹ́ńdúlọ̀mù. Eyín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ balẹ̀ sójú ìdúró, bíi 0.5 mm sí etí. Bó bá balẹ̀ tààrà sójú ìtì, á máa fo eyín tàbí kó máa ta pẹ́ńdúlọ̀mù padà.

Ẹ fi irin pẹlẹbẹ 0.1 mm láti ara gééjì àwọn mẹkáníìkì gbé pẹ́ńdúlọ̀mù kọ́. Ó yẹ kó fì ní 3.5 cm sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ dẹtí: bí "kẹ̀" àti "kò" kò bá dọ́gba, ẹ tẹ apá àmúga díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan títí wọn yóò fi dọ́gba. Agogo tí ìlù rẹ̀ ń tiro kò ní pẹ́ dúró, ẹrù yòówù kí ẹ so.

Ìgbà yìí ló tó kan ẹrù. Ẹ so ìgò omi méjì, ẹ máa bu iyanrìn gbígbẹ sí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bá rìn fún wákàtí kan láì dúró, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ kún un. Bó bá kọjá kílò 5, ẹ padà sídìí wíìlì.

Bí a bá ń wé okùn, fífà á dáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀. Christiaan Huygens, ọmọ ilẹ̀ Netherlands tó ṣe agogo onípẹ́ńdúlọ̀mù ní 1656, ti tú kókó yìí: okùn kan tí kò lórí tí kò nídìí, ẹrù lórí púlì láàárín rẹ̀. Ẹ ó nílò kílò 8, torí púlì ń pín fífà sí méjì.

Ẹ má gba gígùn pẹ́ńdúlọ̀mù 99.4 cm tí ìwé ilẹ̀ Yúróòpù ń kọ. Fífà ilẹ̀ dín díẹ̀ lọ́dọ̀ wa nítòsí ìlà agbedeméjì ayé. Láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣágámù, 99.1 cm ni. Pẹ̀lú gígùn 99.4 cm ti Lọ́ńdọ̀nù, agogo á máa pẹ́ ju ìṣẹ́jú 2 lọ lójúmọ́. Mílímítà 1 jẹ́ nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 43 lójúmọ́, ẹ fi nọ́ọ̀tì onígbà yíyí sí ìsàlẹ̀ pẹ́ńdúlọ̀mù láti máa fi tún gígùn rẹ̀ ṣe.

Lásìkò òjò, eyín pílíwúùdù máa ń wú. Ẹ fi àyè 0.5 mm sílẹ̀ láàárín eyín, kí ẹ kun fáníìṣì sí ojú méjèèjì àti etí wíìlì. Ẹ má fi òróró sí eyín igi. Ìyẹ̀fun òjé pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi pa á.