Kókó Ọyàn Tí Kò Dunni: Ìtọ́sọ́nà fún Ilé àti Oko

Ohun tó ń jẹ́ kí jẹjẹrẹ ọyàn ráyè láàárín wa ni pé kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Obìnrin á fọwọ́ kan kókó kékeré níbi tó ti ń wẹ̀, á ní kò dun òun, kí àwọn kọ́kọ́ ta kòkó ọdún yìí ná. Kí kòkó tó gbẹ, kí owó tó wọlé, àrùn ti lè dé abíyá. Kókó tí kò dunni gan-an ni kí ẹ tètè gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe jẹjẹrẹ, pàápàá lára ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ lásán kò lè mọ ìyàtọ̀.

Ẹ mọ bí ọyàn yín ṣe rí. Bí nǹkan oṣù bá ti parí ní bí ọjọ́ mélòó kan, tí ọyàn rọ̀, ẹ gbé ọwọ́ kan sókè, kí ẹ fi ìka mẹ́ta ọwọ́ kejì máa tẹ̀ ẹ́ kiri dé abíyá. Ẹ tún wo dígí: awọ tó ní ihò kéékèèké bí èèpo ọsàn, orí ọmú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọnú, ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde níbẹ̀, egbò tí kò jinná. Jẹjẹrẹ ọyàn ń ṣe ọkùnrin pẹ̀lú, bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Bí ẹ bá ti tó ẹni 40 ọdún, ẹ bi dókítà nípa mammogram, ìyẹn fọ́tò X-ray tí wọ́n ń yà fún ọyàn. Bí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá ti ní in rí, ẹ má dúró de ọjọ́ orí yẹn kí ẹ tó sọ fún un.

Owó tí àwọn ìyá ń kì bọ kọ́mú lọ́jà Ọba kì í fa jẹjẹrẹ. (Ti olè lọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀.) Kò sẹ́ni tó lè dènà rẹ̀ pátápátá, àmọ́ fífún ọmọ lọ́mú, dídín ọtí kù, àti kí ara má sanra jù ń dín ewu rẹ̀ kù.

Ní ọsibítù UNIMED, ti yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn, tó wà ní Àkúrẹ́ àti Òǹdó, tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ bù díẹ̀ nínú kókó náà lọ yẹ̀ wò. Irọ́ ni pé abẹ́rẹ́ yẹn ń tú àrùn ká. Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ tó sì tètè hàn, ẹ bi dókítà bóyá a lè yọ kókó nìkan, kí a sì fi ìtànṣán tọ́jú ìyókù. Ní irú ipò bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí kì í gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ torí pé wọ́n gé gbogbo ọyàn. Ẹ tún béèrè bóyá omi ara obìnrin (hómónù) ló ń bọ́ jẹjẹrẹ náà, torí oògùn tamoxifen wà fún irú ìyẹn, lójoojúmọ́ fún ọdún 5 ó kéré tán. Kímò, ìyẹn oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ, sábà máa ń mú irun re. Á tún hù.

Àgbo àti gbẹ́rẹ́ kàn ń jẹ ọjọ́ ni. Ẹ máa gbàdúrà, kí ẹ sì máa lọ ọsibítù. Betty Anyanwu-Akeredolu, ìyàwó gómìnà Òǹdó tẹ́lẹ̀, gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọyàn ní 1997, ó wà láàyè títí ọkọ rẹ̀ fi di gómìnà ní 2017, ó sì ń sọ ọ́ ní gbangba.

Bí owó bá tán láàárín ìtọ́jú, ẹ sọ fún dókítà kí ẹ tó dáwọ́ dúró. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ tẹ̀ lé ìyàwó yín lọ, kí ẹ sì tọ́jú gbogbo ìwé èsì àyẹ̀wò sínú fáìlì kan.