Bí A Ṣe Ń Tún Ohùn Marimba Ṣe

Marimba jẹ́ ohun èlò orin tó ní pákó púpọ̀ tí a ń lù. Bí a bá fá igi kúrò lábẹ́ àárín pákó kan, ohùn rẹ̀ yóò sọ̀ kalẹ̀. Bí a bá fá a lábẹ́ orí méjèèjì, ohùn náà yóò gòkè. Gígòkè náà kì í pọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí pákó kọ́kọ́ dún sókè ju bó ṣe yẹ lọ, kí ẹ sì máa rọra fà á wálẹ̀.

Igi tó gbẹ dáadáa nìkan ni kí ẹ lò. Igi mukwa ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ń lò ní Zimbabwe, níbi tí marimba àwọn ilé ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ orin Kwanongoma, ní ìlú Bulawayo, ní àwọn ọdún 1960.

Ẹ wá ibi méjì tí pákó kì í ti í mì, nítorí ibẹ̀ ni okùn yóò gbà kọjá. Lára pákó tó gùn ní 40 sẹ̀ǹtímítà, ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 9 sẹ̀ǹtímítà sí orí kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọ́n iyọ̀ sórí rẹ̀, kí ẹ sì máa lù ú jẹ́jẹ́. Iyọ̀ yóò sá jọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ sàmì síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tíì lu ihò, torí pé fífá lè sún un díẹ̀.

Ohùn mìíràn tún fara pamọ́ sínú pákó. Ẹ fi ìka tẹ àárín rẹ̀, kí ẹ lu orí kan, ẹ ó gbọ́ ọ. Nínú marimba àwọn ẹgbẹ́ olórin ńlá, ó gbọ́dọ̀ máa mì ní ìlọ́po mẹ́rin ohùn gidi, ìyẹn ohùn tí a fẹ́ kí pákó náà dún, àmọ́ ti sáílófóònù, ohun èlò onípákó mìíràn tó jọ marimba, sábà máa ń jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta, ìdí nìyẹn tí ohùn sáílófóònù fi mú ju ti marimba lọ. Fífá àárín ni ó ń sọ ohùn gidi kalẹ̀ jù. Láti fa ohùn tó fara pamọ́ yìí wálẹ̀, ẹ fá ibi tó tó ìdá kan nínú mẹ́ta gígùn pákó sí orí kọ̀ọ̀kan. Igi tí fífá mú gbóná máa ń dún sísàlẹ̀ ju bó ṣe rí gan-an lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó wọn ohùn rẹ̀. Ẹ má sì fi etí dò-re-mí tí a fi ń sàmì sórí ọ̀rọ̀ ṣe iṣẹ́ yìí: ohùn ọ̀rọ̀ ń tẹ̀lé ẹni tó ń sọ ọ́, ti marimba dúró sójú kan.

Lẹ́yìn èyí ni páìpù abẹ́ pákó, tó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde, tí a sì dí ìdí rẹ̀. Lẹ́tà bí A, C, F àti G ni a fi ń pe àwọn ohùn orin. Ohùn A tó ń mì ní ìgbà 440 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nílò páìpù tó gùn tó nǹkan bí 19 sẹ̀ǹtímítà, ṣùgbọ́n ti C ìsàlẹ̀ nínú marimba tó tóbi jù ń kọjá mítà kan.

Marimba Zimbabwe ń lo ohùn méjèèje tó bẹ̀rẹ̀ láti C, pẹ̀lú F ṣáàpù kan (F tí a gbé sókè díẹ̀), kí ó lè kọrin ní C àti ní G. Nínú ẹgbẹ́ marimba, àwọn marimba kéékèèké ni orin wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n èyí tó tóbi jù ló gbé wọn ró. Òun ni èmi máa ń kọ́kọ́ tún ṣe.