Bí Mo Ṣe Tú Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá Bàbá Mi Nílé

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni Ìjàpá bàbá mi, ọkọ̀ Volkswagen Beetle, fi jókòó sábẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà wa n'Ìbàdàn. Adìẹ ń yé sábẹ́ ẹ̀. Nígbà tí mo ní èmi fúnra mi ni n ó tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, màmá mi kàn wò mí, wọ́n ní, "Má ṣáà da ọ́ìlì síbi tí mò ń sá èlùbọ́ sí o."

Yíyọ ẹ̀ kò le rárá. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, atẹ́gùn ló ń tù ú, kò ní rédíétọ̀. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ló dè é mọ́ gíábọ́ọ̀sì. Mo tú bátìrì, àwọn wáyà, àti okùn irin tó ń fa kábúrétọ̀, mo dí rọ́bà epo lẹ́nu. A gbé ìdí ọkọ̀ sókè lórí ìtì igi, mo ti jáàkì bọ abẹ́ ẹ́ńjìnnì, èmi àti àbúrò mi fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bọ́, a sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ má fọwọ́ gbé e o, ó wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì méjì lọ.

Fláíwíìlì, irin róbótó ńlá tó ń yí pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, ló fẹ́ kán mi lápá. Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló dì í mú, sọ́kẹ́ẹ̀tì 36 mm ló ń wọ̀ ọ́. Àfìgbà tí mo ki páìpù omi bọ ọwọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí mo fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn, kó tó tú.

Fálífù èéfín sílíńdà kẹta, ìlẹ̀kùn kékeré tí èéfín ń gbà jáde, ti jó jẹ. Sílíńdà yìí ló sábà máa ń jìyà nínú Ìjàpá àtijọ́, torí ọ́ìlì-kúlà, tó ń mú ọ́ìlì tutù, ń gba atẹ́gùn mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo gbé orí ẹ́ńjìnnì fún oníléètì, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, mo kọjá sí Gate, níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ọkọ̀, lọ ra píṣìtínì. Ẹni tó ń tà á kó oní-83 mm fún mi; oní-85.5 mm ni ẹ́ńjìnnì 1600 ń lò. Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ ìwọ̀n tí mo mú dání.

Ibi tí mo ti ṣubú nìyí. Mo to kráńkì, ọ̀pá irin tí píṣìtínì ń yí, sínú ilé rẹ̀, àmì kan ara gíá kámú, ọ̀pá tó ń ṣí fálífù, bọ́ sáàárín àmì méjì ti kráńkì, mo fi abala kejì ilé náà dé e, mo dì í. Kráńkì tó ń yí fẹ́ẹ́ tẹ́lẹ̀ dúró gbọin. Mo ní torí pé bẹ́ríìnì tí kráńkì ń yí nínú rẹ̀ jẹ́ tuntun ni, ó máa là. Mo ti ń wá páìpù mi kiri nígbà tí bàbá mẹkáníìkì àdúgbò wa yà wọlé.

Wọn ò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀. "Ṣé gbogbo bẹ́ríìnì ló jókòó lórí pín?"

"Mo rò bẹ́ẹ̀, sà."

"O rò bẹ́ẹ̀. Tú u."

Pín kékeré tó yẹ kó wọ ihò bẹ́ríìnì ti lu ẹ̀yìn ẹ̀ níhò mìíràn. Owó bẹ́ríìnì lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Lọ́tẹ̀ yìí mo fi pẹ́ńsù fa ìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ríìnì kọ̀ọ̀kan níbi tí pín ti mú un, kí n lè rí i bó bá sún. Bí mo bá ti di nọ́ọ̀tì kan, mo á yí kráńkì wò.

Ìyókù yá. Mo fi àlàfo 0.15 mm sí fálífù nígbà tó tutù, mo to wáyà pọ́lọ́ọ̀gì bí sílíńdà ṣe ń gbaná tẹ̀lé ara wọn, 1-4-3-2, mo da ọ́ìlì lítà méjì àbọ̀ sí i. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo ta á ló gbà. Èéfín bo ọgbà, màmá mi sáré kó èlùbọ́ wọn.

Adìẹ ni kò tíì padà síbẹ̀.