Ẹ Kun Tòlótòló Kí Ẹ Tó Gbé E Sínú Slow Cooker

Bí ọdún Thanksgiving bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ìyẹn Ọjọ́bọ̀ kẹrin oṣù kọkànlá, tàbí tí Kérésìmesì bá ń bọ̀ lọ́nà, ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá lókè òkun ló máa ń gbé slow cooker wọn jáde, ìyẹn ìkòkò oníná mànàmáná tó ń fi ooru díẹ̀ se oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Iná tí ìkòkò yìí ń jẹ kò tó nǹkan, kò ní kí ènìyàn dúró tì í, ẹran inú rẹ̀ kì í sì í jóná bọ̀rọ̀. Ìbéèrè tó sábà máa ń tẹ̀ lé e ni pé, ṣé a lè ki odindi tòlótòló bọ̀ ọ́ láàárọ̀, ká gba ibi iṣẹ́ lọ, ká sì bá oúnjẹ nílẹ̀ nírọ̀lẹ́? Rárá o. Ẹ kun ún.

Kòkòrò àìfojúrí bíi Salmonella máa ń wà lára ẹran adìyẹ àti tòlótòló tútù. Láàárín 4°C sí 60°C, ìyẹn 40°F sí 140°F, wọ́n máa ń pọ̀ kíákíá. Iná gáàsì ń tètè gbé ẹran kọjá ibẹ̀, slow cooker kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹran bá tóbi tó sì ki, ara rẹ̀ lóde á ti gbóná nígbà tí ẹ̀gbẹ́ egungun nínú lọ́hùn-ún ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bó bá wá jẹ́ pé yìnyín ṣì wà nínú rẹ̀, ewu ọ̀hún tún ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Yíyọ́ yìnyín

Inú fíríìjì ló dára jù. Ẹ ka wákàtí 24 fún pọ́n-ùn 4 sí 5, ìyẹn bíi kílò méjì. Tòlótòló kílò mẹ́fà á gba bí ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ gbé e sínú àwo tó jìn, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, kí omi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má baà kán sórí oúnjẹ mìíràn. Bí àkókò bá ti lọ, ẹ di í sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, ẹ rì í sínú omi tútù fún ìṣẹ́jú 30 lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà ní ìṣẹ́jú 30-30, kí ẹ sì sè é lójú ẹsẹ̀. Ẹ má gbé e sílẹ̀ sórí tábìlì di ọjọ́ kejì.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń sin tòlótòló

Ẹ má fún un lóúnjẹ mọ́ bó bá ku wákàtí 8 sí 12 tí ẹ ó pa á, ṣùgbọ́n ẹ máa fún un lómi, kí ìfun rẹ̀ lè ṣófo. Ibi tó gba sùúrù nígbà tí ẹ bá ń yọ nǹkan inú rẹ̀ ni ẹ̀dọ̀. Òróòro lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì tètè ń bẹ́. Ẹ gé e pẹ̀lú díẹ̀ lára ẹ̀dọ̀ náà. Kí díẹ̀ ṣòfò sàn ju kí omi òróòro dà sára ẹran lọ, nítorí kò sí ata tó lè bo ìkorò rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí ẹran sun fíríìjì mọ́jú. Èyí tí a sè nígbà tí ara rẹ̀ ṣì gan máa ń le.

Tòlótòló àgbà, èyí tí ẹ̀ ń jà pẹ̀lú rẹ̀ lórí iná láti àárọ̀ dọ̀sán, ni slow cooker mọ̀ ọ́n sè jù. Iṣan itan àti ti ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi ẹran. Òun ló ń mú kí omi náà dì tó bá tutù. Àyà kò ní irú iṣan bẹ́ẹ̀, ó sì tètè ń gbẹ. Lójú tèmi, ẹ fi àyà sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn, kí ẹ se itan, ẹsẹ̀ àti apá.

Sísè

Ẹran tí ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù kò nílò fífọ̀. A mọ̀ pé èyí kò ní dùn mọ́ àwọn ìyá wa tó ń fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ bó ẹran, àmọ́ omi ẹ̀rọ tó bá ń bá ẹran tútù máa ń ta kòkòrò sí àwo, sí ẹ̀fọ́, àti sí aṣọ ẹni tó ń fọ̀ ọ́. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà, kó fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́ nínú abọ́, kó sì fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ abọ́ náà, ọ̀bẹ àti pákó tó fi gé e.

Ẹ gé alùbọ́sà méjì sí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ẹ fi iyọ̀, táìmù, kọ́rì, aáyù àti atalẹ̀ pa ẹran lára, kí ẹ tò ó lé e. Ata ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í ṣe. Ìdérí slow cooker kì í jẹ́ kí omi fẹ́ lọ, nítorí náà tàtàṣé, tòmátì àti rodo tí ẹ bá lọ̀ tí ẹ sì dà sí i ní tútù á wà ní ṣàn-ìn títí di alẹ́, á sì máa rùn bí ata tútù. Ẹ kọ́kọ́ sè é lórí gáàsì títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, ẹ da òróró díẹ̀ sí i, kí ẹ sì dà á lé ẹran lórí ní gbígbóná. Ooru rẹ̀ á tún ran ìkòkò lọ́wọ́ láti tètè gbéra. Ife omi ẹran kan ti tó.

Kí oúnjẹ tó ìdajì ìkòkò, kó má ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ. Ẹ yí i sí High, ìyẹn ooru gíga, fún wákàtí àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹ yí i sí Low, ìyẹn ooru kékeré, fún wákàtí 6 sí 7. Bó bá jẹ́ High ni ẹ lò dé òpin, wákàtí 3 sí 4 ni. Ẹ má máa ṣí i wò. Ooru tó bá sá lọ kì í tètè padà.

Ẹ má fi ojú wọn jíjinná ẹran. Ẹ fi tẹmómítà gún ibi tó ki jù, kó má kan egungun. Tó bá ti wọ 74°C, ìyẹn 165°F, ó ti jinná. Itan lè ju bẹ́ẹ̀ lọ kó tó rọ̀ dáadáa. Awọ rẹ̀ kò ní gan. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó ń ró kẹ́kẹ́ lẹ́nu, kó nu omi ara rẹ̀ gbẹ, kó dín in fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú òróró gbígbóná.

Bí iná bá lọ

Fún àwọn ará ilé ní Nàìjíríà, orí èyí ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí ẹ wà nílé, ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò mìíràn kí ẹ parí rẹ̀ lórí gáàsì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ kò sí nílé, tí ẹ kò mọ ìgbà tó lọ àti ìgbà tó dé, ẹ dà á nù, bó tilẹ̀ dà bíi pé ó jinná. Ọjọ́ tí ẹ kò bá ní dúró nílé, tí inverter kò sì sí, ẹ má lo slow cooker rárá.

Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ pín in sínú abọ́ pẹrẹsẹ, kó wọ fíríìjì láàárín wákàtí méjì, kí ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ 3 sí 4. Orí gáàsì ni kí ẹ ti gbé e kaná títí yóò fi hó. Warm tó wà lára slow cooker, ìyẹn ibi tó kàn ń jẹ́ kí oúnjẹ máa gbóná, wà fún oúnjẹ tó ti gbóná tẹ́lẹ̀ nìkan. Kí ẹ má sì da omi tútù sínú ìkòkò inú rẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná, ó lè sán.