Bí mo ṣe kó gbèsè sórí káàdì kan, àti èlé tó tún yọjú lẹ́yìn tí mo san án tán

Gbèsè ọ̀hún fúnra rẹ̀ kọ́ ló bí mi nínú. Èmi ni mo jẹ ẹ́, kò sẹ́ni tó tì mí. Ìwé tó dé lẹ́yìn tí mo ti san án tán pátápátá, tó ní mo ṣì jẹ wọ́n, ìyẹn ló gbóná lára mi.

Mẹ́rin ni mo gbé lọ́rùn: káàdì kírẹ́díìtì méjì, owó sọgúndogójì kékeré kan tí mo yá lórí fóònù, àti fíríìjì tí mò ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò sí èyí tó pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn káàdì náà ń gba èlé 24% lọ́dún, ìyẹn bíi 2% lóṣooṣù, iye tó kéré jù tí wọ́n sì ní kí n máa san kò fi bẹ́ẹ̀ ju èlé yẹn lọ. Mò ń sanwó, gbèsè ò kúrò lójú kan. Ó dà bí ẹni ń fi ajere pọnmi.

Mo wá rí káàdì kan tí kò ní gba èlé fún oṣù 15 lórí gbèsè téèyàn bá kó wá síbẹ̀: báńkì tó ni káàdì náà á bá mi san án fún àwọn tí mo jẹ, èmi á wá jẹ báńkì tuntun yìí dípò wọn. 3% iye gbèsè tí mo bá kó wá péré ni wọ́n máa gbà, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ṣírò rẹ̀, mo béèrè, wọ́n fún mi. Àyà mi wú díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Àfi ìgbà tí mo rí iye tí wọ́n gbà mí láàyè láti jẹ: mẹ́ta nínú mẹ́rin ló gbà. Mo kó káàdì méjèèjì, mo fi ìyókù pa ti fíríìjì, torí ó ti sú mi. Àṣìṣe gbáà! Owó fíríìjì ò fi bẹ́ẹ̀ ní èlé. Ti orí fóònù ló yẹ kí n kó.

Ìdúró ni wàhálà gan-an. Báńkì tuntun ní owó máa dé ọ̀dọ̀ àwọn ti tẹ́lẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ ìsanwó káàdì àtijọ́ bọ́ sáàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, mi ò sì san nǹkan kan, mo ṣáà mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀ wá san án. Ni ìtanràn bá wọlé. Mo pe báńkì àtijọ́: “A ò rí owó kankan o.” Mo pe tuntun: “A ti fi ránṣẹ́, ẹ ní sùúrù.” Mo tún pe ti àtijọ́, orin ń kọ sí mi létí títí ìpè fi já. Ìgbà kẹta ni ọmọbìnrin kan tó là á yé mi: “Sà, títí owó á fi wọlé, ẹ̀yin lẹ ṣì jẹ wá.” Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ nígbà tí mò ń fọwọ́ síwèé. (Ó wà nínú ìwé, mo mọ̀. Lẹ́tà bí ẹyin èèrà.)

Ọjọ́ 19 lowó tó dé. Mo yọ̀. Oṣù kejì, ìwé dé: èlé! Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀, nítorí náà èlé àwọn ọjọ́ tó wà láàárín ìwé oṣù tó kọjá sí ọjọ́ tí owó wọlé ṣì wà nílẹ̀ tí wọn ò tíì kọ. Owó táṣẹ́rẹ́ ni, ṣùgbọ́n ká ní mo ju ìwé náà nù láìkà á, ìtanràn mìíràn nìyẹn.

Bí mo bá tún máa ṣe é, màá máa san iye tó kéré jù lórí káàdì àtijọ́ títí màá fi fojú ara mi rí òdo níbẹ̀, màá sì tún dúró de ìwé oṣù kan sí i. Mi ò tún ní fi káàdì tuntun ra bàtà. Gbèsè tí mo kó wá nìkan ni oṣù 15 yẹn wà fún. Láti ọjọ́ tí mo ra bàtà ni èlé ti ń gun orí rẹ̀.

Ibi tí mo ti gbọ́n ni pé mo pín gbèsè náà sí 14 dípò 15, mo sì ní kí báńkì máa yọ ọ́ fúnra wọn lọ́jọ́ tí owó oṣù bá ti wọlé. Ó ku ìgbà mẹ́ta.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, báńkì tuntun fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé àwọn ti fi kún iye tí mo lè jẹ. Nísinsìnyí?