Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Kábọ̀n Filing Machine Kó Tó Ba Àmẹ́ṣọ̀ Jẹ́

Bí filing machine (ẹ̀rọ tí a fi ń gé irin tàbí lọ̀ ọ́) bá ń kú tó tún ń jí, tó ń ta iná pàrà nínú, má tíì lọ ra àmẹ́ṣọ̀, ìyẹn ọ̀pá oníwáyà tó ń yí nínú rẹ̀. Wo kábọ̀n rẹ̀ ná, ìyẹn ègé dúdú kékeré méjì tó ń gbé iná fún àmẹ́ṣọ̀. Owó kékeré ni kábọ̀n, òun tó ti tán ló sì sábà ń jó ojú bàbà tó wà lára àmẹ́ṣọ̀.

Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kábọ̀n kó rọ̀ ju bàbà lọ, kó lè jẹ́ pé òun ni yóò máa tán, kì í ṣe bàbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọkọ̀ ojú irin tó ń gba iná lára wáyà òkè: kábọ̀n ló wà lórí apá tó fi ń kan wáyà, wọ́n sì máa ń ta wáyà náà sọ́tùn-ún sósì kó má baà gé kábọ̀n lójú kan.

Yọ pulọ́ọ̀gì. Fi sìkúrúdíráfà pẹlẹbẹ tú ìdérí róbótó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Sípíríǹgì á ti kábọ̀n síta. Bí kò bá jáde, eruku ti há a. Èyí tó bá ti kù ní mìlímítà 5 sí 6 ti tó pààrọ̀, méjèèjì pọ̀, bí ọ̀kan tilẹ̀ ṣì gùn.

Mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà. Fífẹ̀ àti nínípọn gbọ́dọ̀ bá a mu. Ẹni tó bá ní kí o ra èyí tó tóbi kí o fi fáìlì ha á kó lè wọlé, má gbà: tí o bá ha á jù, á máa mì nínú ilé rẹ̀, iná á sì máa ta.

Kí o tó dè é, gbé ẹ̀rọ lọ bá fọkanáísà kó fi atẹ́gùn fẹ́ eruku dúdú inú rẹ̀, kí ìwọ fi nǹkan bo imú. Eruku yẹn ń gbé iná. Ó lè mú kí ara ẹ̀rọ gbé èèyàn. Bí bàbà bá dúdú, fi sáńpépà kíkúnná ra á fẹ́ẹ́rẹ́.

Jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lófìfo fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, kí ojú kábọ̀n lè bá bàbà mu. Iná aláwọ̀ búlúù kékeré kò burú. Àmọ́ bí iná bá ń yí bàbà po bí òrùka, wáyà inú àmẹ́ṣọ̀ ti jó. Kábọ̀n tuntun kò lè wò ó sàn.