Bí a ṣe ń ṣe ẹ̀rún àdàlù irin olóòfà, tí a sì ń fi ìbòrí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dáàbò bò ó

Ní Àgbádárìgì, kì í pẹ́ kí afẹ́fẹ́ oníyọ̀ tó sọ páànù tuntun di pupa. Bí páànù bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ká wí nípa ẹ̀rún àdàlù irin àti níkẹ́ẹ̀lì tí fífẹ̀ rẹ̀ kò tó 100 náńómítà, nígbà tí mílíọ̀nù kan náńómítà ló wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo? Bí irú ẹ̀rún bẹ́ẹ̀ bá gbẹ, ó lè gbiná fúnra rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Òfin tí gbogbo iṣẹ́ yìí rọ̀ mọ́ ni pé ẹ̀rún náà kò gbọdọ̀ gbẹ títí tí yóò fi wọ inú ìbòrí rẹ̀.

Inú láàbù ni a ti ń ṣe é, lójú ẹni tó mọ kẹ́místírì dáadáa, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, nítorí iyọ̀ níkẹ́ẹ̀lì lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Ẹ se omi mímọ́ kí ó hó, kí ọ́síjìn inú rẹ̀ lè jáde, kí ẹ sì dé e pa títí yóò fi tutù. Ẹ yọ́ gíráàmù 1.39 iron sulphate (FeSO₄·7H₂O) àti gíráàmù 1.19 nickel chloride (NiCl₂·6H₂O) sínú mìlílítà 100 omi yìí. Iye átọ́ọ̀mù irin àti ti níkẹ́ẹ̀lì yóò dọ́gba. Ẹ wá yọ́ gíráàmù 1.2 sodium borohydride, èròjà tó ń sọ irin àti níkẹ́ẹ̀lì inú iyọ̀ wọn padà di ẹ̀rún irin, sínú mìlílítà 50 omi tó tutù bíi yìnyín, kí ẹ sì máa kán an sínú ti àkọ́kọ́ díẹ̀díẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí, bí náítírójìn ti ń gba inú ìgò náà kọjá. Omi aláwọ̀ ewé náà yóò di dúdú, yóò sì máa hó kùṣùkùṣù: háídírójìn ni ó ń jáde, nítorí náà iná kankan kò gbọdọ̀ wà nítòsí. Ẹ má ṣe lo ẹ̀rọ ìropo olóòfà tó wọ́pọ̀ ní láàbù, torí gbogbo ẹ̀rún náà ni yóò lẹ̀ mọ́ ọ̀pá rẹ̀.

Ẹ gbé òòfà sí ẹ̀gbẹ́ ìgò náà, kí ẹ da omi òkè rẹ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ fi omi fọ ẹ̀rún náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì fi ẹtánọ́ọ̀lù fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Omi ìfọ̀ náà ní níkẹ́ẹ̀lì nínú. A kì í dà á sí gọ́tà.

Ní ti ìbòrí, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa lo polyvinyl alcohol, irú ike kan tó ń yọ́ nínú omi, ṣùgbọ́n èmi kò fara mọ́ ọn ní etíkun wa, torí ó ń fa ọ̀rinrin mu, ọ́síjìn a sì ráyè wọlé. Polyvinyl butyral, ohun tó ń so gíláàsì iwájú mọ́tò pọ̀ kí ó má fọ́n ká, sàn jù. Ẹtánọ́ọ̀lù ló sì ń yọ́ ọ. Ẹ yọ́ gíráàmù 6 rẹ̀ sínú mìlílítà 60 ẹtánọ́ọ̀lù, kí ẹ po ẹ̀rún tútù náà mọ́ ọn, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sórí gíláàsì tó dúró déédéé. Bí ó bá yára gbẹ lásìkò òjò, yóò di funfun kùrùkùrù, gẹ́gẹ́ bí káfíńtà tó ń fín pọ́líìsì ti mọ̀. Ẹ fi abọ́ dé e díẹ̀ kí ó rọra gbẹ.

Bí ó bá gbẹ tán, ẹ gé ègé méjì, kí ẹ rì ọ̀kan nínú ojúlówó polyvinyl butyral tí kò ní ẹ̀rún, kí ẹ sì fi àwọn méjèèjì sínú omi òkun. Ojú ibi tí ọ̀bẹ ti gba kọjá lára èyí tí a kò rì ni kí ẹ máa wò, nítorí ibẹ̀ ni ìpẹtà yóò ti kọ́kọ́ hàn.